Ijó Tí Velisav Fún Òkú Mìíràn

Orúkọ tí Velisav pè lábẹ́ igi óákù ní ọjọ́ ẹ̀jẹ́ abúlé wa kì í ṣe orúkọ òkú tí a kó ara wa jọ láti jó fún. Títí di òní tí mò ń kọ ìtàn yìí, tí irun orí mi ti funfun tán, bí mo bá rántí bí fèrè ṣe tẹ̀ lé orúkọ náà, ẹ̀yìn ọrùn mi a máa tutù. Mo ti rí iná tí ó jó abà kanlẹ̀, mo ti rí odò tí ó gbé afárá lọ, mo ti rí ìkookò láàárín agbo àgùntàn ní ọ̀sán gangan. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó bá mi lójijì tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Velisav jẹ́, kí òǹkàwé má baà rò pé ọ̀mùtí kan tàbí aláìníròónú kan ni ó ṣi ẹnu sọ.

Òun ni afọnfèrè wa. Abúlé wa wà láàárín àwọn òkè Homolje, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ọmọ darandaran sì ni òun náà. Igi púlọ́ọ̀mù, igi eléso ilẹ̀ wa, ni bàbá rẹ̀ fi gbẹ́ fèrè rẹ̀, ó sì ti dúdú kirikiri ní àwọn ibi tí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá fẹ́ jó kolo, ijó agbo wa, tí a di ọwọ́ ara wa mú, tí a tò gbọọrọ bí ẹ̀wọ̀n, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jó jù lọ bọ́ síwájú, ẹnu Velisav ni gbogbo wa ń wò kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn ohun tí mo mọ̀ ọ́n sí nìwọ̀nyí: kì í pẹ́ dé ibi tí a pè é sí, kì í fi ẹnu kan ọtí kí ó tó fọn fèrè, kì í jókòó fọn ọ́n, kì í bínú sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó, ṣùgbọ́n kì í fi orin dúró dè é. Èyí tí ó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kò ṣi orúkọ òkú pè rí.

Ohun tí ó jẹ́ kí ìyẹn ga nìyí. Ẹni tí ó bá kú ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún láìní orin. Ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ijó kan, kí ó máa rí i jó títí ayé. Kí wọ́n tó ṣe é, ará ilé náà kò gbọdọ̀ jó, wọn kò gbọdọ̀ kọrin, obìnrin ilé kò sì gbọdọ̀ ṣí ìborí dúdú kúrò lórí. Òfin ijó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkíní, ọjọ́ Àjíǹde àti ọjọ́ ẹ̀jẹ́ abúlé, èyí tí àwọn baba wa jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa ṣe lọ́dọọdún lábẹ́ igi óákù, nìkan ni a lè jó o, kí oòrùn sì tó wọ̀. Èkejì, ilé òkú ni yóò mú ẹ̀wù funfun titun wá, èyí tí a hun nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ òkú ni yóò wọ̀ ọ́, òun ni yóò ṣíwájú agbo. Ẹ̀kẹta, afọnfèrè ni yóò pe orúkọ òkú, lẹ́ẹ̀kan péré, kí fèrè tó dún. Ẹ̀kẹrin, bí agbo bá ti yí ká, àwọn obìnrin á fa ọlọ́fọ̀ wọ inú ijó, wọ́n á ṣí ìborí dúdú náà, ọ̀fọ̀ parí. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé: ohun tí a bá ti fún òkú, a kì í gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé kan ṣoṣo ni ó wà ní abúlé wa tí ó ní òkú tí kò tíì rí ijó gbà. Ilé Velisav fúnra rẹ̀ ni.

Velisav ní ẹ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Miloje, ọ̀dọ́mọkùnrin aláriwo tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Miloje lọ ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà bàbà, ilẹ̀ sì ya lu òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ihò. Wọ́n hú gbogbo àwọn yòókù jáde. Wọn kò rí Miloje. Ìyá wọn kò gbà pé ó kú. Ó ní ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, òkú kọ́. Ó jókòó ti òfì rẹ̀, ó hun ẹ̀wù funfun kan fún ọjọ́ tí Miloje yóò dé, ó fi òwú pupa ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lọ́rùn, ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Kò jẹ́ kí Velisav fẹ́ ìyàwó, nítorí àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbéyàwó nínú ilé òun. Nígbà tí ikú dé bá a, ó di Velisav lọ́wọ́ mú, ó ní, "Má ṣe fún alààyè ní ijó òkú o." Velisav ní òun gbọ́. Báyìí ni ó ṣe di àpọ́n àgbà nínú ilé náà, tí ó ń fọn fèrè níbi ìgbéyàwó tèmi tìrẹ, tí àpótí sì wà ní ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀.

Ní ọdún tí iná mànàmáná kọ́kọ́ wọ abúlé wa, ìtì igi kan yí lu Sretko nínú igbó, ó sì pa á. Ẹgbẹ́ ni òun àti Velisav. Ẹran ni wọ́n jọ dà nígbà èwe. Krunija ìyàwó rẹ̀ wọ dúdú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Zagorka, ẹni tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún ọmọkùnrin Persida, obìnrin kan ní òdìkejì odò. Persida kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í di méjì. Ó ní òun kò ní mú ìyàwó jáde láti inú ilé tí ó wọ dúdú, nítorí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ a máa gbé ọ̀fọ̀ wọlé ọkọ. Bí Krunija kò bá jó ijó Sretko ní ọjọ́ ẹ̀jẹ́, ọmọ òun yóò fẹ́ ẹlòmíràn kí yìnyín tó bọ́. Òun sì ti mọ ilé tí òun yóò ti tọrọ ìyàwó. Àjíǹde tí yóò tẹ̀ lé ọjọ́ ẹ̀jẹ́ sì jìnnà réré.

Krunija bá jókòó ti òfì ní gbogbo ìgbà òtútù. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìka rẹ̀ ni ó fi ń wá òwú, Àjíǹde sì kọjá kí ẹ̀wù tó parí. Zagorka a máa fẹ́ bá a hun díẹ̀, ìyá rẹ̀ a sì lé e kúrò pé ọwọ́ aya ni ó ń hun ẹ̀wù ọkọ.

Ọjọ́ ẹ̀jẹ́ dé. Àlùfáà bù kún igi óákù, a jẹ àlìkámà sísè, a jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn, a sì rọ ọtí èso sínú ife kékeré. Krunija kó ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì: ẹ̀wù, ìgbànú, búrẹ́dì ribiti, àwọn àbẹ́là tí a so òdòdó mọ́ nídìí. Persida wá láti òdìkejì odò nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó sì wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní bí ẹni tí ń wo eyín ẹṣin tí ó fẹ́ rà.

"Ìyá Zagorka, ó dà bí ẹni pé ẹ ti ṣe tán."

"Ó tán, àna mi. Ó ku kí n ṣí orí yìí kí atẹ́gùn fẹ́ sí i."

"Ẹ rọra ṣí i o. Irun abẹ́ rẹ̀ á ti funfun."

"Ó ti funfun tipẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin ni ẹ máa di àna mi."

Persida rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ọ. Ẹ wò ó, inú gbogbo wa dùn ní wákàtí yẹn. Gvozden alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ Sretko, wọ ẹ̀wù titun náà, ó gba àbẹ́là, ó bọ́ síwájú. A pín búrẹ́dì. A di ọwọ́ ara wa mú. Krunija dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú díẹ̀, kí àwọn obìnrin lè tètè fà á wọlé.

Velisav bọ́ fìlà, ó fi ahọ́n ra ètè rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete, bí ó ti máa ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ijó yìí, kí ó jẹ́ ti Miloje."

Ó di ojú, ó sì gbé fèrè sẹ́nu.

Ẹsẹ̀ Gvozden ti kúrò nílẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ gbé e padà, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Obìnrin tí ó di ọwọ́ òsì mi mú tẹ ìka mi pọ̀ títí ó fi dùn mí. Ẹnì kan jẹ́ kí àbẹ́là bọ́. Ṣùgbọ́n fèrè ti dún, ijó òkú tí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, dídá a dúró láàárín ọ̀nà burú ju gbogbo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ. A jó o. Apá òsì ni ijó òkú ń yí sí, apá tí a kì í yí sí bí inú wa bá dùn. A ń yí, ojú wa wà lára Velisav, òun kò sì mọ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó ń fọn ọ́n dáadáa, ó fi ohùn kéékèèké sí àárín ohùn ńlá bí ẹni tí ń tu ọmọ nínú. N kò gbọ́ ọ kí ó fọn ọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Krunija ṣì na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò fà á wọlé, nítorí ijó náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Velisav fọn ún tán, ó la ojú, ó sì rí wa.

"Kí ló dé?" ni ó wí.

Krunija ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti na ọrùn.

"Velisav, ta lo pè?"

"Sretko ni mo pè."

"Tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ."

"Sretko. Ta ni ǹ bá tún pè?"

Ìyá Stamena, obìnrin tí ó dàgbà jù ní abúlé, ẹni tí gbogbo wa ń bi léèrè òfin ijó, fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ pẹ́ẹ́.

"Miloje lo pè, ọmọ mi. Etí mi ò tíì di. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Mo ti rí ènìyàn tí ẹ̀rù bà, ṣùgbọ́n n kò rí ojú tí ó ṣófo bí ojú Velisav ní àkókò náà. Ó wo fèrè ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ejò ni. Ó wo Gvozden nínú ẹ̀wù funfun. Àwọn baba wa sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Gbogbo wa ni a dúró yí ẹyin fífọ́ yìí ká, tí a ń wò ó.

"Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi hun ẹ̀wù yẹn," ni Krunija wí. "O wọ̀ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ níṣojú mi. Kí ni Sretko ṣe fún ọ?"

"Ìyá Zagorka, mi ò mọ̀ pé mo pè é. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

Gvozden fẹ́ ṣe àtúnṣe. Ó ní, "Kí ló le tó báyìí? Ẹ̀wù náà ló wà lọ́rùn mi yìí. Ẹ jẹ́ ká tún un jó, ká pe orúkọ tó yẹ. Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn tó wà lọ́hùn-ún á mọ̀," ni Ìyá Stamena dá a lóhùn. "Bọ́ ọ kúrò lọ́rùn kó o tó fi òógùn bà á jẹ́. Ti Miloje ni. Búrẹ́dì tó wà níkùn rẹ yẹn, ti Miloje ni. Ó ti gbà á, ó ti ń jẹ ẹ́."

Arákùnrin kan láti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Miloje nínú ijó, ẹ gbà mí. Nígbà tó wà láyé, kò mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, èékánná mi bọ́." Ẹ̀rín já jáde lẹ́nu àwọn kan, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu wọn bí ẹni tí ó jalè.

Persida kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Krunija, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí ó ṣì na síwájú náà mú, ó rọra sọ wọ́n kalẹ̀ fún un.

"Ẹ má bínú, àna mi. Mo fẹ́ràn ọmọ yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ, a ti sọ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n de ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́."

"Ìyá, ẹ dúró ná," ni Zagorka wí. Ojú rẹ̀ pupa, kò sì sunkún. "Oòrùn ò tíì wọ̀."

"Oòrùn ò tíì wọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀wù dà?" ni Persida bi í.

Ìbéèrè náà wọ̀ wá lára bí omi tútù. Ẹ̀wù wà nínú àpótí ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí a hun fún ọmọ ẹni, bí a bá gbé e fún òkú ẹlòmíràn, ọmọ ẹni ni a fà lé ikú lọ́wọ́. Ta ni yóò ṣe irú rẹ̀? Mo rí i bí àwọn ìyá ṣe ń yí ojú kúrò lára Krunija lọ́kọ̀ọ̀kan, àní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ẹ̀wù kan wà ní abúlé yìí tí kò ní alààyè tí yóò wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò wo ìhà ibi tí ilé Velisav wà.

Velisav fi fèrè bọ ìgbànú. "Ìyá Persida," ni ó wí, "ẹ má de ẹṣin. Mo ń bọ̀." Ó sì yí padà, ó ń gun òkè lọ.

Ìyá Stamena fi ọ̀pá tì mí, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé níwèé. "Olùkọ́, tẹ̀ lé e. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyẹn kò yẹ kó dá rìn."

Mo bá a nínú yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ihò rẹ̀, kò sì yí i. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ariwo àwọn ẹṣin Persida ní ìsàlẹ̀ òkè.

"Olùkọ́," ni ó wí láìwo ẹ̀yìn, "bí mo bá mú un jáde, ó kú nìyẹn."

Mo sọ òtítọ́ tí ó wà ní ọwọ́ mi. "Velisav, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó fún un tán ni."

Ó gbé iwájú orí lé ìdérí àpótí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yí kọ́kọ́rọ́. Ewé gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fi lé kòkòrò ti di lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀wù náà sì ti pọ́n díẹ̀ ní etí, ṣùgbọ́n òwú pupa ọrùn rẹ̀ ń tàn bí ẹni pé àná ni a rán an. Ó gbé e lé apá bí a ti ń gbé ọmọ tuntun, a sì sọ̀ kalẹ̀.

Bí àwọn ènìyàn ṣe rí ẹ̀wù yẹn, ńṣe ni wọ́n là sọ́tùn-ún sósì. Àwọn arúgbó bọ́ fìlà. Velisav gbé e lé tábìlì iwájú Krunija.

"Ilé wa gba ijó yín. Ilé wa ń san án padà. Ẹ gbà á."

Krunija fi ìka rẹ̀ tọ ọ̀ṣọ́ ọrùn náà yí ká. Ó mọ ọwọ́ tí ó hun ún. Gbogbo obìnrin abúlé wa ni ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé ẹ̀wù náà fún Gvozden.

Ibẹ̀ ni ìyọnu mìíràn ti bẹ́ sílẹ̀. Gvozden ki orí bọ̀ ọ́, ó ki apá kan bọ̀ ọ́, ó sì há síbẹ̀. Ẹ̀wù ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, alágbẹ̀dẹ sì ni Gvozden. Ó ń jà nínú aṣọ bí ológbò nínú àpò. Àwọn méjì ni wọ́n yọ ọ́. Oòrùn ti kan orí òkè.

Ìyá Stamena wò yí ká. "Ó gbọ́dọ̀ ga. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ Sretko." Bí ó ti ń kà á, orí gbogbo wa ń yí lọ sí ọ̀dọ̀ Velisav, Velisav náà sì rí i.

"Rárá o," ni Velisav wí. "Èmi ni mo máa fọn fèrè."

"Ta ló ní kó o má fọn ọ́n?"

"Ọwọ́ méjèèjì ni fèrè ń gbà, Ìyá. Kí ni wọ́n fẹ́ dì mú lára mi?"

Krunija bọ́ síwájú. "Ìgbànú rẹ ni mo máa dì mú."

A kò rí irú rẹ̀ rí. Afọnfèrè kì í ṣíwájú agbo, àárín ni ó ń dúró. Ọlọ́fọ̀ kì í wà nínú agbo láti ìbẹ̀rẹ̀, fífà ni a ń fà á wọlé. Mo wo Ìyá Stamena kí ó lè sọ pé èèwọ̀ ni. Ó ń wo oòrùn. Ó gba àbẹ́là lọ́wọ́ Gvozden, ó ní òun ni yóò gbé e rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí a yára.

Velisav bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀, ó sì wọ ti Miloje. Ó bá a mu ní èjìká, ó bá a mu ní ọrùn ọwọ́. Obìnrin kan sọkún lójijì, ó sì sá lọ sí ẹ̀yìn igi. Krunija gbá ìgbànú rẹ̀ mú, Zagorka di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, àwa yòókù sì so mọ́ wọn. Ó wá ku orúkọ.

Ó la ẹnu, kò sì pe nǹkan kan. Bí ó bá tún ṣì í pè ńkọ́? Gbogbo agbo di èémí mú. Mo gbọ́ bí iná àbẹ́là ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Krunija fa ìgbànú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí a ti ń fa ìjánu ẹṣin.

"Ijó yìí," ni ó wí, "kí ó jẹ́ ti Sretko. Sretko ọkọ Krunija, bàbá Zagorka, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ da ẹran." Ó pè é gùn bẹ́ẹ̀ kí àṣìṣe má baà rí àyè wọlé.

Fèrè dún, ó sì gbé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu tún ti yà wá pátápátá. Velisav kò mọ̀ ọ́n jó. Ọkùnrin tí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ gbogbo abúlé sókè láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò mọ ohun tí ìka rẹ̀ ń sọ. Níbi tí orin ní kí a tẹ òsì, ọ̀tún ni ó tẹ̀. Níbi tí orin ní kí a dúró, ó rìn. Ó kọ lu Ìyá Stamena tí ó gbé àbẹ́là. Krunija ń tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe fún un láti ẹ̀yìn, ó ń fi ìgbànú tukọ̀ rẹ̀ sí òsì. Orin náà kò sì ṣì rárá, ó ń dán bí omi orí àpáta.

"Ta ló bí eléyìí?" ni ẹnì kan bi wá nínú agbo.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyá Stamena wí. "Ẹsẹ̀ Miloje ló fi ń jó."

A kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni a ń rín tàbí ẹkún ni a ń sun. Agbo yí ká, oòrùn kù bí etí àwo, ó sì tó àkókò láti ṣí ìborí. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn, nítorí ọwọ́ gbogbo wọn wà nínú ẹ̀wọ̀n ijó. Persida ni ó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ àárín agbo tìrìn tìrìn, ó tú ìdí ìborí dúdú náà lábẹ́ àgbọ̀n Krunija, ó sì fà á kúrò.

"Ó funfun lóòótọ́," ni ó wí.

"Ẹ dákẹ́, kí ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú," ni Krunija dá a lóhùn. Persida sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Zagorka, ó jó títí fèrè fi dákẹ́.

Ìgbéyàwó náà wáyé nígbà ìkórè púlọ́ọ̀mù, Velisav sì ni ó fọn fèrè níbẹ̀, ní àárín agbo gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ afọnfèrè. Kí ìyàwó tó gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Krunija bi í ní ojú gbogbo wa bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lọ́jọ́ náà. Ó rò ó títí, nítorí kì í purọ́. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní òun ti ń bi ara òun náà, òun kò tíì rí ẹni dá òun lóhùn.

Èmi pẹ̀lú kò bi í mọ́. Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn, mo lọ kí i ní ilé. Ó gbé ọtí èso ka iwájú mi, ó wọ yàrá, ó sì fi àwo bu púlọ́ọ̀mù gbígbẹ wá. A ń jẹ, a ń sọ̀rọ̀ àgùntàn, títí mo fi gbọ́ òórùn kan lára èso náà tí mo mọ̀ tí n kò sì lè rántí ibi tí mo ti gbọ́ ọ: òórùn ewé gbígbẹ tí a fi ń lé kòkòrò. Mo gbójú sókè. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, mo sì rí àpótí ẹ̀wù Miloje ní ṣíṣí gbayawu, ó kún fún púlọ́ọ̀mù dé ẹnu.

Ọwọ́ mi dúró láàárín àwo àti ẹnu.

"Ẹ jẹ ẹ́, Olùkọ́," ni Velisav wí. "Àpótí tó dára ni. Kì í jẹ́ kí wọ́n bu."